Ta Ló Ń Pa Kọ̀ǹpútà Ayàwòrán?

"Ẹ wò ó, màdáámú, kọ̀ǹpútà kì í pa ara rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló pa tèmi, ọwọ́ náà sì ti wà ní àtìmọ́lé lọ́dọ̀ yín. Kí lẹ tún wá ṣe níbí?"

Bí ayàwòrán ilé náà ṣe kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ káàbọ̀ nìyẹn. Kò ní kó jókòó, kò sì bi í bóyá òjò pa á lọ́nà, bẹ́ẹ̀ omi ń kán tótó lára agbòjò rẹ̀. Obìnrin náà kò bínú. Ìyá Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé kò sẹ́ni tó tíì rí i kó sáré rí, àní nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń pariwo lé e lórí. Ó nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fa àga kan mọ́ra, ó jókòó.

"Tẹnu yín ni mo wá gbọ́, sà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní àgọ́ ni mo kà, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kankan."

Ayàwòrán mí kanlẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ṣùgbọ́n aṣọ tó wọ̀ ti fẹ̀ jù ú lára. Ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn títí ó fi kú, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n sin ín. Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún un.

"Lọ́sẹ̀ tí a sin ín ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kó wá síbí," ó ní. "Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í kú lójú mi o! Tí mo bá jókòó tì í, mo lè fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ kí n ṣáà ti dìde lọ sí ilé ìdáná, tàbí kí n lọ wẹ̀, kí n tó padà dé, ojú rẹ̀ á ti ṣú dùdù. Èmi àti ta ni a jọ wà nínú ilé? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ṣé ẹ ká a mọ́ ọn?"

"Mo ká bàtà rẹ̀ mọ́ ọn. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé kan, mo tètè dé, mo sì bá sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì yìí. Mo ní kí ló ń wá nínú yàrá iṣẹ́ mi. Ṣe ló wolẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà ti kú lọ́jọ́ yẹn?"

"Rárá. Mo dé kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ ni."

Ìyá Ẹ̀sọ̀ mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ọjọ́ tí nǹkan bà jẹ́ pátápátá wá ńkọ́?"

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Àwòrán ilé ìwòsàn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn la jọ ń du iṣẹ́ náà. Mo parí rẹ̀, mo ní kí n na ẹ̀yìn díẹ̀. Nígbà tí mo máa jí, kọ̀ǹpútà ti kú, àwòrán náà kò sì ṣí mọ́. Ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ yẹn. Mo wá sọ fún ọmọ náà pé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òfò ni wọ́n mú wọ ilé mi. Lẹ́yìn náà ni mo pè yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Ẹ̀sọ̀. Èèyàn kì í fi òkú bú alààyè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló bá wá, kì í ṣe ìwàásù. Ó dìde lọ wo kọ̀ǹpútà náà. Àpótí dúdú tó ní ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ni, fáànù rẹpẹtẹ wà nínú rẹ̀, ó sì mọ́ tónítóní.

"Ó yára gan-an, àbí?"

"Mo mú kó máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó sáré lọ ni. Iṣẹ́ mi ń fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ pé irú wọn máa ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta."

"Tèmi kì í pariwo. Ìyàwó mi kì í fẹ́ ariwo." Ó kọ ojú sí fèrèsé bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Lára ògiri, lókè ilẹ̀kùn tó wọ yàrá kejì, kámẹ́rà kékeré kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí ibùsùn inú yàrá náà. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn náà létòlétò, kò sì sẹ́ni tó sùn lé e mọ́. Okùn kámẹ́rà náà ń fì dirodiro.

"Mo fi ń wo ìyàwó mi lójú kọ̀ǹpútà yìí láti ìdí iṣẹ́ ni," Ayàwòrán ní, "kó má baà di pé ó ń pè mí, mi ò gbọ́. Tọ̀sán-tòru ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí a ti ibi ìsìnkú dé ni mo yọ okùn rẹ̀."

*

Ọ̀gá àgọ́ kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. "Ìyá Ẹ̀sọ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, kóòtù ni ọmọ náà ń lọ. Ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Kí lẹ tún ń wá nínú ẹ̀?"

"Mo fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ni, sà."

"Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀!"

Òótọ́ ni. Ọ̀dọ́kùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àtìmọ́lé, ó ká ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, bí ìgbà tí òjò pa èèyàn tí kò rí aṣọ pààrọ̀. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Bí orúkọ rẹ̀ bá wọ kóòtù báyìí, kò sí òbí tí yóò tún fọkàn tán an pẹ̀lú ọmọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn sì tán.

"Ṣé ìwọ lò ń pa kọ̀ǹpútà ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o wọ yàrá iṣẹ́ ẹ̀ rí?"

Ó wo ilẹ̀.

"Bàtà ẹ wọ ibẹ̀. Bàtà kì í dá rìn."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọbẹ̀, mà."

"Kí lo lọ ṣe?"

Ó ṣì ń wo ilẹ̀. Ìyá Ẹ̀sọ̀ fìdí lé ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ǹṣì náà, ó gbé agbòjò rẹ̀ sẹ́sẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ló mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró dè é kò pọ̀.

"Àǹtí mi ni mo lọ wò," ọmọkùnrin náà sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. "Kámẹ́rà yẹn máa ń ká fídíò pamọ́. Mo mọ ibi tó kó wọn sí. Àǹtí mi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mà. Ó ń bú Bọ̀ọ̀dá pé ọbẹ̀ tí Bọ̀ọ̀dá sè kò níyọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó tì í látìgbà tí Bọ̀ọ̀dá ti jáde. Nígbà tí mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo pa fídíò náà, mo sáré jáde, mo gbàgbé bàtà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún un?"

"Bọ̀ọ̀dá ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Àwọn fúnra wọn ò lè wò ó. Bí mo bá sì sọ ọ́ lójú àwọn ọlọ́pàá pé ẹkún ni mo lọ sun..." Ó fi ejìká nu ojú. "Àǹtí mi ló ní kí n má fi Bọ̀ọ̀dá sílẹ̀ láwọn nìkan. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe kó wá."

"Ní gbogbo àkókò tí o fi ń wo fídíò yẹn, ṣé kọ̀ǹpútà náà kú?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà gbójú sókè, bí ẹni pé kò ronú kan ìyẹn rí. "Rárá, mà. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú."

*

Ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kún fún àpótí tí wọ́n ti tú inú wọn síta. Ògbóǹtarìgì ni ọkùnrin náà, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí wọ́n wá bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, mo ti kọ ọ́ fún yín. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà yẹn."

"Mo mọ̀. Ṣé iná ilé wọn ni kò dáa?"

"Mo lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Tó bá jẹ́ iná ilé ni, gílóòbù á kú pẹ̀lú."

"Ooru ńkọ́?"

"Ó tutù bí omi àmù."

Ilẹ̀kùn méjì tì nìyẹn. Ìyá Ẹ̀sọ̀ gbé àpótí kan kúrò lórí àga, ó jókòó. "Èyí tí wọ́n ní ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ yẹn, ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá ẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń sá eré náà, màmá. Fólítéèjì, ìyẹn agbára iná tó ń wọ inú ọpọlọ yẹn, ni oúnjẹ ẹ̀. Ẹ bá ní kó sáré sí i, ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sí i. Oúnjẹ bá pọ̀ jù, á gbóná, á tètè gbó. Oúnjẹ bá kéré jù, á ṣi ìṣirò ṣe, á sì dákú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń wá ibi tó ṣe déédéé."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé oúnjẹ tirẹ̀ tó?"

"Mo fi iṣẹ́ ńlá lé e lórí! Ìṣirò tó lè mú màlúù dákú ni mo fún un, látìgbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù títí mo fi tì í. Kò mì. Kò sí ẹni tó ń yẹ kọ̀ǹpútà wò tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Nígbà tó ṣe iṣẹ́ náà tán?"

"Mo pa á, mo gbé e fún wọn."

"O ò jẹ́ kó jókòó lásán wò?"

"Màmá!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ta ní í yẹ ẹni tó ń sinmi wò bóyá ó lágbára?"

Ìyá Ẹ̀sọ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó wo òjò tó ń ṣàn lára gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, ọkàn rẹ̀ sì ń lọ láti orí ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà yẹn kú, olówó rẹ̀ kò sí nídìí rẹ̀. Gbogbo wọn ló túmọ̀ ìyẹn sí pé ẹnìkan wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì lè túmọ̀ sí nǹkan mìíràn: pé iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà náà ni. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sìnkú, nǹkan méjì ló yí padà nínú ilé náà. Èèyàn kan wọlé, kámẹ́rà kan sì kú. Èèyàn ni wọ́n dojú kọ, nítorí èèyàn ní ọrùn tí wọ́n lè dì mú. Kò sẹ́ni tó wo kámẹ́rà. Bẹ́ẹ̀, tọ̀sán-tòru ni kámẹ́rà fi ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà kò sì ráyè sinmi ní gbogbo ìgbà àìsàn náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí afurasí wọ yàrá, tí olówó rẹ̀ kò sí nílé, ni kọ̀ǹpútà kò kú. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀.

"Wọ aṣọ òjò ẹ," ó ní. "O máa bá mi débì kan."

*

Nínú yàrá iṣẹ́, Ìyá Ẹ̀sọ̀ ní kí Ayàwòrán tan kọ̀ǹpútà náà. Ó tan án, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin náà ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fà sẹ́yìn dé ara ògiri, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan.

"Kí la ń dúró dè?" Ayàwòrán bèèrè.

"Ọ̀daràn náà ni, sà."

Wọ́n dúró. Òjò ń lu òrùlé. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo àjà. Ayàwòrán kò jẹ́ wo ilẹ̀kùn yàrá kejì. Ìdúró náà pẹ́ débi tí Ìyá Ẹ̀sọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé òun ṣìnà, pé ọmọ náà yóò wọ kóòtù ní òwúrọ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà náà ṣẹ́, ó sì ṣú dùdù.

Ayàwòrán kígbe. Ó yí padà, ó wo àwọn méjèèjì, ó wo ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Kò sẹ́ni tó mira.

"Ta ló wọlé, sà?" Ìyá Ẹ̀sọ̀ bi í.

Ayàwòrán lọ fọwọ́ ti ilẹ̀kùn náà wò.

"Wọ ibi tí wọ́n ti ń to fólítéèjì ẹ̀," Ìyá Ẹ̀sọ̀ sọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. "Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wa."

Ọkùnrin náà jókòó, ó tan ẹ̀rọ náà padà, ó ń tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Kò sí iye kan pàtó níbí," ó ní. "Wọ́n ní kó máa yọ díẹ̀ kúrò nínú iyekíye tí ọpọlọ náà bá bèèrè fún." Ó gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Tó bá ń ṣiṣẹ́, ó ń bèèrè púpọ̀. Ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n. Tó bá ń sinmi, ìwọ̀nba tó máa gbé ẹ̀mí ẹ̀ ró ló ń bèèrè."

"Ó sì tún ń yọ iye kan náà," Ìyá Ẹ̀sọ̀ ní. "Bu ṣíbí kan kúrò nínú abọ́ tó kún, ọmọ á yó. Bu ṣíbí yẹn kúrò nínú èyí tí kò ju ṣíbí méjì lọ wò."

"Èmi ni mo jẹ̀bi, màmá. Mi ò jẹ́ kó sinmi lójú mi."

Ìyá Ẹ̀sọ̀ ní kí ọkùnrin náà so okùn kámẹ́rà padà. Ìyẹn pẹ́ díẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà náà ṣófo bíi ti tuntun, àfi kó kọ́kọ́ wá ètò tí kámẹ́rà fi ń ṣiṣẹ́, kó fi sí i. Nígbà tó parí, ibùsùn náà hàn lójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìrọ̀rí kan ṣoṣo. Wọ́n tún fà sẹ́yìn. Wọ́n dúró pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, títí òjò fi dá. Kọ̀ǹpútà náà kò kú.

"Ta ló dín fólítéèjì ẹ̀ kù, sà?"

Ayàwòrán ti fi ẹ̀yìn ra ògiri dé ilẹ̀. "Èmi ni." Ó ń sunkún, kò sì bo ojú. "Ìyàwó mi kò rí oorun sùn. Ìrora kì í jẹ́ kó sùn, tó bá wá sùn, fáànù á jí i. Mo dín in kù kó má baà gbóná, kí fáànù lè rọlẹ̀. Ó sùn lọ́jọ́ yẹn, màdáámú. Ó sùn dáadáa. Mo ti gbàgbé pé mo ṣe é."

"Ohun tí ẹ ṣe fún un dáa," Ìyá Ẹ̀sọ̀ ní. "Ohun tí ẹ ṣe fún àbúrò ẹ̀ ni kò dáa. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ mú un jáde."

*

Ọ̀gá àgọ́ kùn, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì kùn sí i. Wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin náà jáde síwájú kàǹtà, wọ́n dá bẹ́líìtì rẹ̀ padà fún un. Ìyá Ẹ̀sọ̀ ti ṣàlàyé ohun gbogbo fún un nínú lọ́hùn-ún.

Ayàwòrán ṣí fìlà. Àgbà ni, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ àná lójú gbogbo ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀. "Dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ̀gbọ́n ẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn gidi."

Ọmọkùnrin náà sáré gbé e dìde. "Ẹ dìde, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ó ti tán."

"Jẹ́ ká lọ sílé."

"Mi ò lè padà síbẹ̀ mọ́, Bọ̀ọ̀dá." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ọkàn mi ò lè gbà á. Mo máa wá ibì kan sùn. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún: ẹ jẹ́ kí n da fídíò Àǹtí mi kọ, kí n máa gbé e lọ. Ẹ ò ní láti wò ó. Èmi nìkan ni màá wò ó."

Ayàwòrán ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Ẹ̀sọ̀ rántí bí inú kọ̀ǹpútà náà ṣe ṣófo. Gbogbo ìbéèrè tó bèèrè lọ́jọ́ náà, kò bèèrè ìyẹn.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ẹ lọ," Ayàwòrán ní, "mo rò pé o ti fi nǹkan burúkú sínú ẹ̀. Mo nu gbogbo ẹ̀ kúrò."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ohùn Àǹtí mi ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Ẹ ò ní ohùn wọn níbòmíì? Nínú fóònù? Kó tilẹ̀ ṣe ibi tí wọ́n ti ń bú yín nìkan."

Ayàwòrán mi orí pé rárá. Ọmọkùnrin náà di bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́dìí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ẹ̀sọ̀, ó sì jáde. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró síwájú kàǹtà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, títí wọ́n fi ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó kàn.